Ọ̀gbun Kyambura ní Ùgáńdà: kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó lọ wo ìnàkí?

Arìnjìnnà_Èkó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwa mẹ́rin la ń gbéra láti Èkó lọ sí Ùgáńdà ní ìparí oṣù January, ọjọ́ méje péré la sì ní. Ìnàkí la fẹ́ rí nínú igbó, àwọn tí wọ́n ń pè ní ṣimpansí, kì í ṣe gòrílà. Wọ́n ní ká lọ sí ọ̀gbun Kyambura nínú ọgbà ẹranko Queen Elizabeth, pé owó ibẹ̀ kò ga tó ti igbó Kibale, níbi tí ìnàkí náà wà. Ṣé a máa rí wọn lóòótọ́? Ọ̀kan nínú wa ti pé ọdún 62: ṣé ó lè sọ̀kalẹ̀ kó sì gòkè padà? Kí la máa gbé dání? Kí ló sì máa ń ba irú ìrìn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ènìyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ní kíkún.

Olùṣọ́gbó

Ẹ káàbọ̀, àbúrò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó ká yín lára jù.

Ẹ lè rí wọn, àmọ́ kò dájú. Agbo ìnàkí kan ṣoṣo ló ń gbé Kyambura, nǹkan bí ọgbọ̀n ni gbogbo wọn. Ọ̀gbun tí wọ́n ń gbé gùn tó kìlómítà 16, ó sì jìn tó mítà 100. Ìnàkí kì í wọ́ jọ rìn bí àgùntàn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á pín, méjì síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún, oúnjẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Nígbà tí ọ̀pọ̀tọ́ bá pọ́n lórí igi ńlá kan, ẹ lè bá mẹ́jọ mẹ́wàá lórí rẹ̀, wọn kò sì ní tètè kúrò níbẹ̀. Nígbà tí èso bá wọ́n, tó jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rí i, àwọn náà á fọ́n ká, wọn kò ní pariwo púpọ̀, réńjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ọgbà tó ń mú àlejò rìn, á sì máa wá wọn láti òkè odò dé ìsàlẹ̀. Ohun tó ń mú kí àwọn kan padà láìrí nǹkan kan nìyẹn. Ẹ má ṣe dá réńjà lẹ́bi pé kò ṣiṣẹ́.

Kibale yàtọ̀. Ìnàkí tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, agbo tí ènìyàn sì ti mọ́ lára ju ẹyọ kan lọ. Bí wọn kò bá rí agbo yìí, wọ́n á rí ìyẹn. Ìdí tí ìwé ìyọ̀ǹda Kibale fi di $250 fún àlejò láti July 2024 nìyẹn, tí ti Kyambura kò sì tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kyambura dùn mí jù. Láyé àtijọ́, igbó inú ọ̀gbun náà so mọ́ igbó Maramagambo àti ti Kalinzu. Oko ti gé okùn yẹn. Láàárín ìnàkí, abo ló ń fi agbo tí wọ́n bí i sí sílẹ̀ nígbà tó bá bàlágà, bí ọmọge tó ń lọ ilé ọkọ. Akọ kì í kúrò. Ní Kyambura, abo tó dàgbà kò rí ibi gbà jáde dáadáa, ìyàwó tuntun kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí po láàárín wọn. Abo kan sì máa ń tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó bí òmíràn lé ọmọ. Agbo tó kéré báyìí, bí àrùn bá mú mẹ́ta mẹ́rin lọ nínú rẹ̀, ìran ènìyàn kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kó tó dí àlàfo náà.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ṣe ká ní èmi ni mo wà ní ipò yín: ẹ gba Kyambura fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sílẹ̀ fún igbó Kalinzu. Ojú ọ̀nà Ishaka ni Kalinzu wà, kò jìnnà. National Forestry Authority ló ń ṣàkóso ibẹ̀, kì í ṣe Uganda Wildlife Authority (UWA), torí náà ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ ti máa sanwó. Kalinzu kò lẹ́wà tó ọ̀gbun, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú jù, agbo ibẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó bá lọ síbi méjèèjì kò ní fi gbogbo owó tàbí ìrètí rẹ̀ sórí wákàtí kan ṣoṣo.

Ẹ̀gbọ́n_Mbarara

Òtítọ́ ni Olùṣọ́gbó sọ. Kí n wá sọ ti ọ̀nà, ìwé àti owó.

Uganda Airlines ń fò tààrà láti Èkó sí Entebbe láti October 2023, àmọ́ kì í ṣe ojoojúmọ́, torí náà ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú bá ń lọ ni kí ẹ fi ṣètò gbogbo nǹkan yòókù. Àwọn ọkọ̀ òfurufú yòókù á gba Kigali, Addis Ababa tàbí Nairobi. Ùgáńdà fi wákàtí méjì ṣáájú Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ agogo mẹ́fà òwúrọ̀ n'Ékòó, agogo mẹ́jọ ti lù ní Kyambura, ìnàkí sì ti jẹun. Ẹ lo ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ara yín lè mọ̀ ọ́n.

Físà: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa ṣe é kí ẹ tó kúrò nílé, ní ojú òpó ìjọba Ùgáńdà fúnra rẹ̀. $50 ni ti àlejò tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ yà sí Kẹ́ńyà tàbí Rùwáńdà, èyí tó kó orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ jẹ́ $100. Wọ́n máa bi yín léèrè yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó rìn, torí ọjọ́ kẹwàá ni ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ti gbà á rí kò nílò òmíràn: láti 2016 ni ó ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹ rí i pé orúkọ tó wà lórí káàdì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ní ìṣòro, pàápàá àwọn tó ń lo orúkọ ọkọ síbì kan, tí wọ́n lo orúkọ baba síbòmíràn.

Láti Entebbe dé ọgbà Queen Elizabeth, ẹ ka wákàtí méje sí mẹ́jọ nínú ọkọ̀. Ọ̀nà Masaka, Mbarara, Bushenyi, Ishaka ló yá jù sí Kyambura. Lẹ́yìn Kalinzu, ọ̀nà á ṣàdédé dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí pápá ńlá nísàlẹ̀ títí dé ibi tí ojú mọ. Ẹ ní kí awakọ̀ dúró níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ojú pópó ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Ùgáńdà. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má gba kọ́kọ́rọ́ láti wa á lóru ọjọ́ tí ẹ dé. Tó bá jẹ́ láti Kibale ni ẹ ti ń bọ̀, ẹ gba Fort Portal, Kasese, ibi ìlà agbedeméjì ayé ní Kikorongo, kí ẹ sọdá afárá Katunguru, kí ẹ wá yà sí Kyambura.

Ìwé ìyọ̀ǹda: ẹ gbà á ṣáájú. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n ń kó sínú ẹgbẹ́ kan, January sì wà nínú oṣù tí àlejò pọ̀. Ọ́fíìsì UWA wà ní Kira Road, ní Kamwokya, Kampala. Wọ́n á gba nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́. Nínú ìwé iye owó tó bẹ̀rẹ̀ ní July 2024, UWA ya ọ̀wọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí kì í ṣe ará Ìlà Oòrùn, «Rest of Africa» ni wọ́n pè é. Ẹ fi páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yín béèrè bóyá ohun tí ẹ fẹ́ ṣe wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kì í sọ ọ́ fúnra wọn, iye tí òyìnbó ń san ni wọ́n á kọ síwájú yín.

Owó ìwọlé ọgbà yàtọ̀ sí ti ìnàkí. Wákàtí 24 ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá wọlé ní agogo méje òwúrọ̀, ẹ lè wo ìnàkí, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án. 

Dọ́là: èyí tí wọ́n tẹ̀ láti 2009 wá ni kí ẹ gbé, kó mọ́, kó má ya, kó má ní àmì bírò. $100 ni wọ́n ń ṣẹ́ dáadáa, $1 àti $5 kì í rí ojúure.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ti ara líle, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ara tiwọn nìkan ni wọ́n ń dáàbò bò. Ara ìnàkí gan-an ló wà nínú ewu.

Ohun tó ń ṣe wá ń ṣe wọ́n. Ní ọdún 2013, òtútù kan wọ agbo Kanyawara ní Kibale. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, rhinovirus C ni, kòkòrò tó ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ọ̀fìnkìn lásán nílé wa. Ìnàkí márùn-ún ló pa nínú agbo náà. Ẹ wá fi márùn-ún yẹn yọ nínú ọgbọ̀n tó wà ní Kyambura.

Torí náà:

Bí ẹnikẹ́ni bá ń húkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kó má sọ̀kalẹ̀. Kó sọ fún réńjà lókè, kí ó tó di pé wọ́n rí i nísàlẹ̀. Ìwọ̀nba owó ló máa sọnù.

Ìbòmú méjì ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú. Èyí tí ẹ bá wọ̀ sọ̀kalẹ̀ á ti tutù fún òógùn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìbòmú tó tutù kò sì dá nǹkan dúró mọ́. Ẹ fi ìkejì sínú ọ̀rá tó ní ìdè, ẹ pààrọ̀ nígbà tí réńjà bá ní «ó ti kù díẹ̀». Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹun, ẹ má mumi nítòsí wọn, ẹ má tutọ́, ẹ má sì ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù. Tí ikọ́ bá fẹ́ jáde láìròtẹ́lẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ bo ẹnu. Tí inú bá ń run ẹnikẹ́ni nínú igbó, kó sọ: réńjà á gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ńtímítà 30, wọ́n á sì bò ó padà.

Ti ibà: àwọn tó ń gbé Èkó kí wọ́n má gbójú lé e pé «ara wa ti mọ ẹ̀fọn», àwọn tó ti ń gbé London tàbí Houston láti ọdún pípẹ́ sì ti pàdánù ààbò tí ara wọn ní tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà fún oògùn ìdènà ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ohun kan tí n kò fẹ́ kí ẹ fi ṣeré: ihò àpáta kan wà nínú igbó Maramagambo tí wọ́n ń pè ní ihò Òjòlá, àdán ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Àwọn àdán yẹn ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì Marburg. Àwọn àlejò méjì tó wọ ibẹ̀ láàárín 2007 àti 2008 ló kó o, ará Amẹ́ríkà kan yè é, ará Netherlands kan kú. Wọ́n ti kọ́ ibi ìwòran sí ọ̀ọ́kán báyìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín wọ inú ihò.

Arìnjìnnà_Èkó

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ mà. A ti kọ ti ìbòmú méjì sílẹ̀. Ẹni ọdún 62 tí mo wí, ó ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kì í fẹ́ràn ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹsẹ̀_Òkè

Orúnkún ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu bà á.

Àtòkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀gbun tó mítà 100. Gíga Cocoa House n'Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ gba àtẹ̀gùn Cocoa House sọ̀kalẹ̀ láti òkè pátápátá, tí àtẹ̀gùn náà jẹ́ ilẹ̀ tó ń yọ̀ àti gbòǹgbò igi, tí ẹ rìn wákàtí méjì mẹ́ta nísàlẹ̀, tí ẹ wá gùn ún padà nígbà tí oòrùn ti mú. Ẹni tó bá lè ṣe ìyẹn lè ṣe Kyambura. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kó máa gun ilé alájà mẹ́rin, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ-bọ̀ ìgbà mẹ́fà. Ìsọ̀kalẹ̀ ni kó máa fara balẹ̀ ṣe, òun ló ń fún iṣan itan lágbára tí kò fi ní jẹ́ kí orúnkún ru gbogbo ẹrù.

Ẹ háyà aláàárù fún un lókè. Kì í ṣe torí báàgì nìkan: ọwọ́ aláàárù ni yóò dì mú níbi tó bá dà gẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a dúnàádúrà ní ṣílè Ùgáńdà kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ tún béèrè ọ̀pá ìtilẹ̀, wọ́n ń yá ènìyàn.

Bàtà: kó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ìtẹ̀ rẹ̀ ní eyín tó jìn. Bàtà sáré-sáré tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orí amọ̀ Kyambura ló máa ti gbé ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣubú. Ẹ má wọ bàtà tuntun débẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rìn nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ohun kékeré ni, àmọ́ bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo ara yín ń ti ọmọ ìka lọ síwájú bàtà, èékánná tó gùn á sì máa gún ẹran ẹsẹ̀ títí tí yóò fi dúdú. Okùn bàtà: ẹ dì í ṣinṣin nídìí ọrùn ẹsẹ̀, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nítòsí ọmọ ìka. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè padà, ẹ yí i padà.

Ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ìjàlọ wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì ti gòkè dé itan kí ẹ tó mọ̀. Bí réńjà bá pariwo pé ẹ sáré, ẹ sáré, ẹ má dúró wo ilẹ̀. Ewé kan bí èsìsì náà wà tó ń jó ara, torí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ oníṣẹ́ oko, èyí tí wọ́n ń fi ro ọgbà. Ọwọ́ ló ń fẹ́ di ìtàkùn mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Aṣọ: àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé gbígbẹ. Ẹ má wọ búlúù tó dúdú tàbí dúdú. Eṣinṣin tsẹ́tsẹ́ fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, òun ni wọ́n fi ń rán pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú un.

Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ òjò tín-ínrín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ January.

Amúkámẹ́rà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ àwòrán kò pọ̀, àmọ́ ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn bí idán.

Abẹ́ igi nínú ọ̀gbun ṣókùnkùn ju bí ojú ṣe rò lọ. Ìnàkí dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ojú ọ̀run funfun. Kámẹ́rà á wo ọ̀run, á sì sọ ìnàkí di òjìji. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀, +1, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó wọn ìmọ́lẹ̀ láti ojú ẹranko nìkan. ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, láti 1600 sókè, kí ìyára kámẹ́rà má lọ sílẹ̀ ju 1/250 lọ, torí wọn kò dúró sójú kan. Lẹ́ǹsì 70-200 tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ dára ju 600 tó wúwo lọ. Nínú igbó dídí, ewé á wà láàárín yín. Ẹ pa fíláàṣì, pa á pátápátá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù gbogbo yín kí ẹ tó kúrò lókè. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ má gbé kámẹ́rà jáde láti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù tààrà sínú ooru ọ̀gbun, ìkùukùu á bo ojú lẹ́ǹsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí ó bá ku ogún ìṣẹ́jú kí ẹ dé. Ihò iná ilé Ùgáńdà jẹ́ oníhò mẹ́ta bíi tiwa, ẹ má ra àdáptà.

Ọ̀rọ̀ kan péré sí i. Wákàtí kan ni wọ́n ń fún yín lọ́dọ̀ ìnàkí. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò wọ́n láìgbé nǹkan kan sójú. Wíwò yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ mọ èwo ló ń lọ, èwo ló ń jókòó, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹyẹ_Agbe

Gbogbo yín ń sọ ìnàkí, ìnàkí. Kyambura kì í ṣe ti ìnàkí nìkan!

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ dúró létí ọ̀gbun. Níbi tí ẹ dúró sí, pápá gbígbẹ ni, igi orọ́ ńlá tó na ẹ̀ka sókè bí ọ̀pá àtùpà ló wà káàkiri, àti igi ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀: igbó ńlá, ewé tútù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ ya tí wọ́n sì da igbó kún ibi tó ya. Láàárọ̀, ìkùukùu á ṣì wà lórí igi, ẹ ó sì gbọ́ igbe ìnàkí láti abẹ́ rẹ̀, «hùú, hùú» tí ń ga díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi di ariwo, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìró bí ìlù: wọ́n ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò igi. Réńjà ń gbọ́ ìyẹn ni ó fi ń mọ apá ibi tí yóò kọrí sí. Ẹ pa ẹnu mọ́ níbẹ̀, kí òun lè gbọ́ràn.

Nísàlẹ̀, odò Kyambura ń ṣàn lọ sí ìhà ojú omi Kazinga. Erinmi ń gbé inú rẹ̀. Òru ni wọ́n ń gòkè lọ jẹ koríko, òwúrọ̀ ni wọ́n ń padà, ọ̀nà tí ẹ̀yin náà ń gbà ni. Ìdí tí réńjà fi gbé ìbọn nìyẹn. Ti erin àti ẹfọ̀n náà wà pẹ̀lú. Bí ó bá na ọwọ́ sẹ́yìn pé ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ má ṣe bọ́ sáàárín erinmi àti omi láé. Ibi tí wọ́n ti ń sọdá, igi ló wà lórí omi; ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo òdìkejì, ẹ má wo omi.

Lórí igi: ẹdun. Ẹdun gan-an, ẹ̀yin ìyá ìbejì, dúdú tó ní irun funfun gígùn léjìká àti ìrù funfun bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ẹdúnjọbí láti kékeré, tí kò tíì fojú kan ẹdun rí, ibẹ̀ ló ti máa rí i. Ìmàdò ńlá inú igbó wà, ọ̀bọ onírù pupa wà. Ẹyẹ ajẹkòkòrò-oyin dúdú, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa fòò, ló ń mú àwọn olùwòye ẹyẹ wá láti òkèèrè. Ẹyẹ kan tún wà tó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ pupa létí odò lábẹ́ ẹ̀ka tó tẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní finfoot, ó máa ń sá pamọ́: ẹ wo ibi òjìji.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà_Leeds

Ẹ̀yin àgbà, àárọ̀ àbí ọ̀sán? Agogo mẹ́jọ àti agogo méjì ni wọ́n fún wa láti yàn.

Ẹ̀gbọ́n_Mbarara

Òwúrọ̀, láìsí àní-àní. Kí ẹ ti dé ibi ìpéjọ ní agogo méje ààbọ̀. Ìnàkí ń pariwo láàárọ̀, wọ́n sì ń jẹun lórí igi kan.

Olùṣọ́gbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, n kò gbà pé ọ̀sán kò dára rárá. Àwọn tó lọ láàárọ̀ ti ṣe iṣẹ́ wíwá. Réńjà ti mọ ibi tí wọ́n wà kí agogo méjì tó lù. Lọ́sàn-án, ìnàkí máa ń sọ̀kalẹ̀ jókòó lórí ilẹ̀, wọ́n á máa yẹ irun ara wọn wò, ẹ ó sì rí ojú wọn nítòsí. Ohun tó burú nínú ọ̀sán ni pé bí wọ́n kò bá tètè rí wọn, ilẹ̀ á ṣú, kò sí àfikún àkókò. Ooru náà sì ń mú ẹni tó ń gòkè padà. Fún ẹni ọdún 62, òwúrọ̀. Fún ọ̀dọ́ tó ń wá àwòrán, n kò ní kọ ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n_Mbarara

Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Tí ẹ bá lọ lówùúrọ̀, ẹ fi ọkọ̀ ojú omi Kazinga sí ọ̀sán ọjọ́ kan náà, wákàtí méjì ló ń gbà, èbúté Mweya ni wọ́n ti ń gbéra. Bí oòrùn bá ti mú ni erin àti ẹfọ̀n ń wá sí omi, torí náà ti ọ̀sán dára ju ti àárọ̀. Pápá Kasenyi ni ẹ ó fi àárọ̀ kùtù kejì wò, níbi tí àwọn kob, ẹranko kan bí ẹtu, pọ̀ sí tí kìnnìún ń dọdẹ wọn.

Arìnjìnnà_Èkó

Ìbéèrè tó kù: bí akọ ìnàkí bá sáré bọ̀ wá bá wa ńkọ́?

Olùṣọ́gbó

Ó lè ṣẹlẹ̀. Irun ara rẹ̀ á kọ́kọ́ dìde, á dà bí ẹni pé ó tóbi ní ìlọ́po méjì, á máa fi ara jì igi, á wọ́ ẹ̀ka kiri, á sì sáré kọjá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe yín ló ń bá wí, àwọn akọ yòókù ló ń fi agbára hàn. Ẹ dúró sójú kan, kí ẹ sún mọ́ ara yín, ẹ fi ọwọ́ kan igi tó sún mọ́ yín jù, ẹ wo ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sá. Ẹni tó bá sá ló ń sọ ara rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń lé. Ẹ má ké bí wọ́n ṣe ń ké, kì í ṣe eré lójú wọn, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Mítà mẹ́wàá ni ẹ gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí wọn. Bí ọmọ kékeré kan bá ń sún mọ́ yín láti wá wo bàtà yín, ẹ̀yin ni kí ẹ fà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, ẹ má jókòó, ẹ má na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ ń wò yín bí ẹ kò tilẹ̀ rí i.

Tí wákàtí bá pé, réńjà á sọ ọ́, bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ojú wọn dáadáa. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má sì fi owó bẹ̀ ẹ́. Owó ìdúpẹ́ rẹ̀, ẹ fún un lókè lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde, ní ṣílè, òun àti aláàárù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.